Níbo Ni Orúkọ Wọn Wà?

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ̀yin ará Ọ̀kà, ẹ̀yin tó wà ní Àkùngbá, ní Ọ̀bà, ní Súpárè, ní Arìgìdì, ní Ìrùn, ní Ìṣùà, gbogbo Àkókó lókè lódò, ọ̀rọ̀ àwọn tó lọ sógun tí wọn ò padà ni mo gbé wá ní ìrọ̀lẹ́ òní. Bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà bá wà nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pè wọ́n sún mọ́ rédíò, torí iṣẹ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn nìkan ló lè ṣe é.

Ní Umuahia, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Abia, ọkọ̀ ojú omi kan jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Kò sí odò lábẹ́ rẹ̀, kò sí ọ̀sà nítòsí. NNS Bonny ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ológun orí omi Nàìjíríà ni, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì wà nígbà ogun abẹ́lé, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Ojúkwu. Wọ́n gbé e wá sínú ọgbà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ National War Museum, kí ẹni tí a bí lẹ́yìn ogun lè fọwọ́ kan irin rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ń sá sókè sá sódò lára ọkọ̀ náà, olùkọ́ wọn ń pariwo pé kí wọ́n rọra. Mo dúró tì í pẹ́.

Ìta gbangba, lábẹ́ oòrùn àti òjò, ni ọ̀pọ̀ nǹkan inú ọgbà náà wà. Ọkọ̀ onírin tí àwọn Biafra, ìyẹn ẹgbẹ́ Ojúkwu tó ń bá ìjọba àpapọ̀ jà, fúnra wọn rọ wà níbẹ̀. Red Devil ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó rí i pé ọkọ̀ lásán ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi irin pẹlẹbẹ bò ó yíká, kí wọ́n tó dá ihò tí ìbọn á máa gbà yọjú sí i. Ogbunigwe wà níbẹ̀, àdó olóró tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn ṣe nígbà tí ọ̀nà àtira ohun ìjà dí mọ́ wọn. Bàlúù kékeré wà níbẹ̀, irú èyí tí Carl Gustaf von Rosen, ará Sweden, bá wọn kó wá ní oṣù Karùn-ún ọdún 1969. Ó kéré débi pé ènìyàn á máa ṣe kàyéfì bí ó ṣe gbé ènìyàn àti rọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ìjọba àpapọ̀ wà lọ́tùn-ún, ti Biafra wà lósì, koríko kan náà ló hù sábẹ́ méjèèjì.

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1985 ni Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn ṣí ọgbà náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ yẹn ni. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970 ni Philip Effiong, tó di adelé nígbà tí Ojúkwu ti sá kúrò nílùú, fọwọ́ sí ìwé ní Dodan Barracks l'Ékòó pé Biafra ti túúbá. Òun náà ni ọjọ́ tí ìjọba fi ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun lọ́dọọdún. Nígbà ayé Òyìnbó, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é, ìyẹn ọjọ́ tí ogun Jámánì àkọ́kọ́ parí ní 1918. A gbé e kúrò níbẹ̀ wá sí ọjọ́ tí ogun tiwa parí, mo sì gbà pé ohun tó tọ́ la ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ọ̀nà náà kò ṣòro í mọ̀. Láti Ìkàrẹ́, ẹ ó gba Àkùngbá àti Ọ̀bà dé Ọ̀wọ̀, ẹ ó gba Ifọ́n kọjá sí Benin, ẹ ó dé Asaba, ẹ ó gun afárá odò Ọya wọ Onitsha, kí ẹ tó kọrí sí Owerri, kí ẹ tó wọ Umuahia. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ gbéra. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ọ̀nà yìí, torí ogun ti gba ibẹ̀ kọjá rí. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra rékọjá odò Ọya, wọ́n gba Benin lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn títí wọ́n fi dé Oré, nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí. Ọmọ Yorùbá, Victor Banjo, ló ṣáájú wọn. Oré ni wọ́n ti dá wọn dúró, ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án sì ni ìjọba àpapọ̀ gba Benin padà. Nígbà tí wọ́n lé wọn dé etí odò Ọya, Biafra ba afárá náà jẹ́ lẹ́yìn ara wọn. Àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gbìyànjú láti fi ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Onitsha, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ṣègbé sínú odò. Bí mọ́tò wa ti ń gun afárá náà, ẹni tó jókòó tì mí ń jẹ búrẹ́dì. Mo ń wo omi nísàlẹ̀, mo sì ń rò ó pé àwọn kan wà lábẹ́ yẹn tí ìyá wọn ṣì ń retí wọn títí òun náà fi kú.

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ báyìí, ibi tó mú mi lọ́kàn jù nínú ọgbà Umuahia ni ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbóhùn sáfẹ́fẹ́. Voice of Biafra, ohùn Biafra. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1967 ni Enugu bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn Biafra kó ìjọba wọn lọ sí Umuahia, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ rédíò wọ abẹ́ ilẹ̀, kí àdó olóró tí bàlúù ń jù má baà bà á. Ẹ ó fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ooru òde á fi yín sílẹ̀, ariwo àwọn ọmọ ilé ìwé á rọlẹ̀. Ẹ̀rọ náà ṣì wà níbẹ̀, ó tóbi, ó dákẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn bíi Okokon Ndem, ẹni tí ohùn rẹ̀ dún jù nínú àwọn tó ń ka ìròyìn wọn, ti ń sọ̀rọ̀ dé etí ayé. Àwọn àgbà kan níbí ti sọ fún mi pé àwọn máa ń rọra yí rédíò lóru, tí wọ́n á sún un mọ́ etí, kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí ọ̀tá ń wí. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe ti Biafra. Ọmọ wọn ló wà lójú ogun, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tó bá ti lè dé.

Kí ni wọ́n wá gbọ́? Rédíò ìjọba àpapọ̀ ń sọ tirẹ̀, Voice of Biafra ń sọ tirẹ̀. Wọ́n gba ìlú báyìí, wọ́n lé ọ̀tá kúrò ní ìlú báyìí. Orúkọ ìlú là ń gbọ́. Orúkọ ọmọ tó kú níbi tí wọ́n ti gba ìlú, kò sí rédíò kankan tó ka ìyẹn sí etí ìyá rẹ̀ ní Ọ̀kà.

Inú ihò yẹn ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí gbà mí lọ́kàn. Mo jáde, mo tún ọgbà náà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rí irin, mo rí àwòrán, mo rí aṣọ ológun, mo rí orúkọ àwọn ọ̀gá. Mo ń wá orúkọ ọmọ Àkókó kan ṣoṣo, ọmọ Ìkàrẹ́ tàbí ọmọ Ọ̀kà, irú àwọn tó fi oko kòkó bàbá wọn sílẹ̀, tí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n kọ lẹ́tà kan tàbí méjì sílé, tí ọ̀rọ̀ wá dákẹ́ níbẹ̀. Mi ò rí ọ̀kan. Bàbá kan, ará ibẹ̀, tó bá mi rìn díẹ̀, bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó ní, "Oré?" Mo ní ìpínlẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tiwa jìnnà sí Oré. Ó mi orí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin lọ síhà ibẹ̀, kò dé mọ́, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Àwa méjèèjì kò sọ nǹkan mìíràn fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Báwo ni ìròyìn ikú ṣe dé Àkókó nígbà ogun náà? Ilé mìíràn wà tí lẹ́tà ìjọba dé. Ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹlẹgbẹ́ ọmọ ló dé pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀, tí ó dọ̀bálẹ̀, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí bàbá ti mọ̀ kó tó lanu. Ilé mìíràn wà tí ohunkóhun kò dé rárá títí di òní. Àwọn wọ̀nyẹn ló le jù, torí wọn kò lè ṣọ̀fọ̀, wọn kò sì lè yéé retí. Láyé àwọn bàbá wa, bí ènìyàn bá kú sí ẹ̀yìn odi, tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé wálé, àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ á gé lára irun orí rẹ̀, wọ́n á gé èékánná rẹ̀, wọ́n á fi aṣọ wé e, wọ́n á gbé e wálé kí mọ̀lẹ́bí lè rí nǹkan sin. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí a bí nílé gbọ́dọ̀ ní ibi kan nílé tí a lè dúró sí, kí a pe orúkọ rẹ̀. Ogun Ojúkwu kò fún wa ní irun, kò fún wa ní èékánná. Orúkọ ló kù lọ́wọ́ wa, àwọn tó sì mọ orúkọ náà ti ń dàgbà, wọ́n ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní Abuja, lọ́jọ́ 15 oṣù Kìíní gbogbo ọdún, ààrẹ á gbé òdòdó sí ibojì ọmọ ogun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n á yin ìbọn, wọ́n á jọ̀wọ́ àwọn ẹyẹlé funfun sílẹ̀, fèrè á dún. Mo máa ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, orí mi sì máa ń wú. Ṣùgbọ́n ìjọba ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwa mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan wà tó sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ẹnì kan wà tó ń ki oríkì rẹ̀ bí ó bá jí láàárọ̀, ẹnì kan wà tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ewúrẹ́. Bí ọmọ Ìkàrẹ́ bá wà nínú àwọn tí Nàìjíríà ń pè ní ẹni tí a kò mọ̀, Ìkàrẹ́ kò gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Nítòsí Yangon, ní orílẹ̀-èdè Myanmar tí àwọn bàbá wa ń pè ní Bọ́mà, ọgbà ìsìnkú ológun kan wà ní Taukkyan. Ibojì tó wà nínú rẹ̀ lé ní 6,000. Láàrin ọgbà náà, wọ́n mọ àwọn òpó gìrìwò, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ àwọn tí a kò rí òkú wọn sára òpó náà. Orúkọ wọ̀nyẹn ń lọ sí 27,000. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, àwọn tó lọ ja ogun Hítílà ní ẹgbẹ́ 81 àti ẹgbẹ́ 82 ti àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Bí ọmọ ọmọ wọn bá rí owó ọkọ̀ òfúrufú lónìí, ó lè lọ síbẹ̀, kó fi ìka tọ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ lára òkúta.

Ìtàn ọ̀kan nínú àwọn tó lọ sí Bọ́mà, àdúgbò wa níbí ló ti bẹ̀rẹ̀. Isaac Fádoyèbọ̀, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọdún 1942 ló wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn àti ẹni tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í kún. Oṣù Kẹta ọdún 1944, létí odò Kaladan, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́. Ìbọn fọ́ itan rẹ̀, òmíràn wọ inú ikùn rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú yí i ká. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló ṣẹ́ kù nínú igbó. Mùsùlùmí kan, ará abúlé ibẹ̀ tí ń jẹ́ Shuyiman, ń gbé oúnjẹ wá fún wọn níkọ̀kọ̀. Nígbà tó yá, ó gbé wọn sínú ilé ara rẹ̀, láàrin ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, bó tilẹ̀ mọ̀ pé bí àwọn Japan bá rí wọn, gbogbo ilé náà ló kú. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun Gurkha, ti ẹgbẹ́ Òyìnbó, tó dé ibẹ̀, tí wọ́n sì gbà wọ́n. Fádoyèbọ̀ padà wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tọ́ mọ́ títí ayé.

Kí ló mú kí n mọ gbogbo èyí? Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Bàbá náà jókòó, ó kọ ohun tó rí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1999. Nítorí pé ó kọ ọ́, akọ̀ròyìn Òyìnbó kan, Barnaby Phillips, kà á, ó wá a kàn, ó sì gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ sí Myanmar ní 2011. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó bá àwọn ọmọ rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Fádoyèbọ̀ fúnra rẹ̀ papò dà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí ọpẹ́ yẹn tó dé, ó sì dé nítorí ìwé kan.

Ẹ má rò pé mo ń sọ pé Òyìnbó ṣe dáadáa tán. Àjọ tó ń tọ́jú ibojì ogun wọn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917, pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀yìn, wọ́n á dọ́gba nínú ikú: òkúta kan náà, orúkọ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ìwádìí tí àjọ náà fúnra rẹ̀ ṣe fi hàn pé, nínú àwọn ọmọ Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn tó kú fún wọn nígbà ogun Jámánì àkọ́kọ́, ó kéré tán 116,000, ó sì lè tó 350,000, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tàbí tí wọn kò rántí wọn rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ aláàárù, àwọn tó ru ọta àti oúnjẹ lórí. Ìjọba Britain tọrọ àforíjì nílé aṣòfin. Àforíjì dára. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí orúkọ náà kó jọ, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa ogun Ojúkwu nìyẹn. Ọmọ ogún ọdún tó lọ ní 1968, bí ó bá wà láàyè, ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó rántí aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tó jáde nílé, arúgbó ni òun náà. A kò ní ọgọ́rùn-ún ọdún láti fi ṣeré.

Ogun Ojúkwu kọ́ sì ni ogun tó kọ́kọ́ kó wa lọ. Ẹni tó bá ti Àkùngbá gun Òkè Ọ̀kà mọ bí títì náà ṣe ń yí, tí ọkọ̀ ńlá ń mí kíkankíkan, tí àwọn awakọ̀ ń ké pe Ọlọ́run. Bí ẹ bá dé òkè, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ wo àwọn àpáta tó yọrí láti ibẹ̀ lọ dé ìhà Ìkàrẹ́. Kì í ṣe torí atẹ́gùn tútù ni àwọn baba ńlá wa ṣe tẹ̀dó sí orí òkúta. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Tápà láti Bida ń ti àríwá gẹṣin bọ̀, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn náà ń bọ̀. Ògèdèǹgbé Agbógungbórò láti Iléṣà jà kiri agbègbè yìí kí àwọn Èkìtìparapọ̀ tó pè é pé kó wá ṣe olórí ogun wọn ní Kírìjì. Ẹṣin kì í gun àpáta. Ẹni tó wà lókè á rí eruku ọ̀tá kó tó dé, á sì ní òkúta lọ́wọ́ tí yóò yí lù ú. Ọdún 1897 ni ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bida, ìgbà tí ayé sì rọ̀ ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Àkókó kò ní ọgbà ìrántí ogun, ẹ tọ́ka sí òkè fún un. Umuahia gbé ọkọ̀ ojú omi wá sórí ilẹ̀. Òkúta tiwa kò ti ibì kankan wá, orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti jà. Ó ká mi lára pé a ń kó ọmọ ilé ìwé wa lọ wo ibi gbogbo ní Nàìjíríà, a kì í kó wọn gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òkúta kò yọ̀, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú wọn lọ, kí àgbàlagbà kan tó mọ ìtàn ilé rẹ̀ ṣáájú wọn. Ẹ jẹ́ kó fi hàn wọ́n ibi tí ilé ìdílé rẹ̀ wà kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, ibi tí àwọn obìnrin ń pọn omi sí, ibi tí àwọn aṣọ́nà ń dúró. Bí wọ́n bá wo ilẹ̀ dáadáa, wọ́n lè rí àpáta tí ọlọ ti jẹ sínú. Kí wọ́n jókòó tì í, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ orúkọ ẹni tó dàgbà jù tó mọ̀ nínú ìdílé rẹ̀. Ẹ ó rí ibi tí orúkọ á ti tán lẹ́nu wọn.

Ìdílé kan lè kọ orúkọ àwọn tirẹ̀ tó lọ sógun sílẹ̀ láìdúró de ìjọba. Ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Ìkàrẹ́ àti èyí tó wà ní Ọ̀kà, bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ orúkọ sára òkúta lọ́jọ́ iwájú, òkúta pọ̀ nílẹ̀ yìí, iṣẹ́ náà kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n á gbẹ́, bí kò bá sí ẹni tó kó o jọ? Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní fóònù, ẹ jókòó ti ìyá àgbà ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ra ìwé kan, ẹ bi wọ́n nípa ẹni tó lọ sógun tí kò padà. Kí ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, kí ni oríkì rẹ̀, kí ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é? Àdúgbò wo, agbo ilé wo? Ṣé ó ti fẹ́ ìyàwó, ṣé ó fi ọmọ sílẹ̀? Ọdún wo ló lọ, ta ni wọ́n jọ lọ? Níbo ni lẹ́tà rẹ̀ ìgbẹ̀yìn ti wá, tàbí níbo ni ẹni tó rí i kẹ́yìn ti rí i? Bí nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀ bá wà lára ìwé kankan nínú àpótí, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, torí nọ́ńbà yẹn ni àwọn ológun lè fi wá a nínú ìwé wọn. Bí àwòrán bá wà, ẹ fi fóònù yà á, ẹ dá a padà sínú àpótí. Ẹni tó jà ní Bọ́mà, ẹ kọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí àwọn Tápà kó lọ, tí ilé yín ṣì ń dárúkọ, ẹ kọ òun náà.

Bí ìyá bá sunkún, ẹ dúró. Ẹ má ṣe yára pa á lẹ́nu mọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀kan á wà nínú ilé, ọ̀kan lọ́wọ́ olórí ẹbí, ẹ sì mú ọ̀kan wá fún wa ní ilé iṣẹ́ rédíò yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kìíní tó ń bọ̀, nígbà tí Abuja bá ti yin ìbọn tirẹ̀ tán, èmi fúnra mi ni n ó jókòó sídìí ẹ̀rọ yìí láti ka àwọn orúkọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé ní ilé, àdúgbò ní àdúgbò, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, oníṣẹ̀ṣe, títí wọn ó fi tán, kódà bí ó bá di òru. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Orúkọ àwọn ará wa kan wà tí ìró rẹ̀ yàtọ̀ ní Ọ̀kà sí bí a ṣe ń pè é ní Ìkàrẹ́, tó sì tún yàtọ̀ ní Arìgìdì. Kí ẹni tó bá mú orúkọ wá má kàn fi ìwé sílẹ̀ kó máa lọ. Kó wọlé, kó pe orúkọ náà sí mi létí bí ìyá ọmọ náà ṣe ń pè é, kí n lè pè é bẹ́ẹ̀.